Hobie 16, Dart 18 àti Hobie Wave: Èwo Ni Ó Yẹ Ọ̀sà Èkó?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra katamaráànì kékeré, ìyẹn ọkọ̀ ìgbòkùn oníkùn méjì, tí yóò máa lò lórí ọ̀sà Èkó, eré tí ọkọ̀ náà lè sá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Iṣẹ́ tí ó wà láàárín ìgbà tí a dé etí omi àti ìgbà tí ìgbòkùn gba afẹ́fẹ́ ni yóò pinnu bóyá ọkọ̀ yóò máa rìn, tàbí orí ilẹ̀ ni òjò àti oòrùn yóò ti máa pa á láti ọdún dé ọdún. Ta ni yóò bá yín gbé òpó dìde? Okùn mélòó ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú kí ẹ tó kúrò ní èbúté? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìtọ́kọ̀, ìyẹn pátákó ìdí ọkọ̀ tí a fi ń darí rẹ̀, bá kan ẹrẹ̀, tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé níbi tí omi kò ti jìn? Ṣé afárá wà láàárín ilé yín àti ojú agbami? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n ìfiwéra yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń mọ̀ ọ́n, ẹni tí títò náà bá sì di ìyà fún kò ní pẹ́ jáwọ́.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo mú, ìyẹn Hobie 16, Dart 18 àti Hobie Wave. Mo yọ àwọn katamaráànì tí ó ní pátákó àtìbọmi sílẹ̀ pátápátá, irú bíi Tornado tí wọ́n fi díje nínú Òlíḿpíìkì láti ọdún 1976 títí di 2008, àti Nacra 17 tí ó wọ inú ìdíje náà ní 2016. Wọ́n yá, wọ́n sì dára lórí omi jíjìn, ṣùgbọ́n pátákó tí a ń tì gba inú ikùn ọkọ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀ kò bá ọ̀sà wa mu. Bí a bá yọ ojú ọ̀nà tí a gbẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ńlá kúrò, ibi púpọ̀ lórí ọ̀sà náà ni omi rẹ̀ kò jìn ju mítà méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni òpó igi àwọn apẹja, àwọ̀n wọn, àti ìtì igi tí ó já kúrò lára àwọn agbo igi tí wọ́n ń wọ́ lọ sí ibi ìlagi, wà káàkiri inú rẹ̀. Nígbà òjò, èpò ojú omi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí water hyacinth, tí ó wọ inú omi wa ní àárín àwọn ọdún 1980, a tún máa bá omi odò ṣàn wá láti òkè, yóò sì tẹ́ lọ salalu. Ohunkóhun tí ó bá yọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò kó o. Àwọn ọkọ̀ mẹ́ta tí mo mú kò ní pátákó yìí rárá.

Hobie 16 ni àgbà láàárín wọn. Hobie Alter, ẹni tí ó ti ń ṣe pátákó ìgungbì ní Califọ́níà tẹ́lẹ̀, ni ó gbé e jáde láàárín òpin àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn Hobie 14 tí ó jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan. Iye tí wọ́n ti ṣe nínú Hobie 16 láti ìgbà náà ju 100,000 lọ. Ó gùn ní mítà 5.04, ó fẹ̀ ní mítà 2.41, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 145. Rodney March, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà tí ó ya àwòrán Tornado, ni ó ya ti Dart 18 ní àárín àwọn ọdún 1970. Òun gùn tó mítà 5.49, ó fẹ̀ ní mítà 2.29, síbẹ̀ ó fúyẹ́ ju Hobie 16 lọ, nítorí pé nǹkan bí kílò 130 ni ìwọ̀n rẹ̀. Hobie Wave ni àbúrò wọn, àwọn ọdún 1990 ni ó jáde. Mítà 3.96 ni gígùn rẹ̀, mítà 2.13 ni fífẹ̀ rẹ̀, kílò 111 ni ìwọ̀n rẹ̀. Fáíbà ni a fi ṣe ikùn àwọn méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ike ni ti Wave, irú ike kan náà tí a fi ń ṣe àgbá omi orí ilé, tí a sì ń rọ ní ọ̀nà kan náà.

Ikùn, lẹbẹ àti ìtọ́kọ̀

Bí ẹ bá dúró níwájú Hobie 16, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ikùn rẹ̀ kò dọ́gba: ti òde tẹ́jú, ti inú ni ó tẹ̀ kọrọdọ. Kì í ṣe nítorí ẹwà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ọkọ̀ náà tẹ̀, ikùn tí ó wà lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ á rì wọ inú omi sí i, ìrísí rẹ̀ yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní pátákó, tí kò sì ní lẹbẹ, tí a fi lè wà á gun iyanrìn Tarkwa Bay tààrà bí a bá ti gbé ìtọ́kọ̀ méjèèjì sókè. Dart 18 àti Wave gba ọ̀nà mìíràn. Ikùn tiwọn dọ́gba lápá méjèèjì, wọ́n sì ní lẹbẹ kékeré kan tí a rọ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lẹbẹ yìí kò jìn, kò sì ní ohunkóhun tí ó lè há tàbí tí ó lè ṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ni iyanrìn kọ́kọ́ ń jẹ nígbà tí a bá ń wọ́ ọkọ̀ gòkè. Ike Wave kò ka ìyẹn sí. Fáíbà Dart kà á sí gidigidi, nítorí náà ẹni tí yóò ra Dart gbọ́dọ̀ ra kẹ̀kẹ́ oní táyà méjì tí yóò máa gbé e lé mọ́ ọn, kí ó má sì dá ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí àwọn kàn fà á lóhùn.

Ọ̀pá alumíníọ̀mù méjì ni ó dábùú láti ikùn kan dé èkejì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, a sì na aṣọ ìjókòó, tí àwọn atukọ̀ ń pè ní trampoline, sí àárín wọn. Orí ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ìjókòó Hobie 16 wà, ó ga kúrò lójú omi, èyí sì dára púpọ̀ níbi tí ìgbì ti ń wọlé láti ẹnu òkun. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wọ inú ikùn jẹ́ ibi tí ọkọ̀ náà ti ń kọ́kọ́ rẹ̀, bí a ó ti rí i nígbà tí a bá dé orí ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ìjókòó Dart àti ti Wave súnmọ́ omi jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ yín yóò sì rẹ.

Ìtọ́kọ̀ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, ọ̀kan ní ìdí ikùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan ni ó sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa yí papọ̀. Ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtọ́kọ̀ máa ń ta sókè fúnra rẹ̀ bí ó bá kan ilẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́ kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun nìyí: bí a ṣe ń tì í sílẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró pé ó ti dè, àti bí a ṣe ń gbé e sókè láìwo ẹ̀yìn. Ìtọ́kọ̀ tí kò dè dáadáa yóò máa léfòó sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yóò máa wúwo lórí ọ̀pá ìdarí, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé afẹ́fẹ́ ni ó le jù. Níbi tí èpò ojú omi bá pọ̀ sí, gbígbé ìtọ́kọ̀ kan sókè kí èpò lè jábọ́, kí a tó tún gbé èkejì, jẹ́ iṣẹ́ tí a ó ṣe léraléra láàárín ìrìn kan, Wave ni ó sì rọrùn jù fún un nítorí pé ó kúrú, ọwọ́ sì tètè ń dé ìdí rẹ̀.

Ihò ìgbomijáde wà ní ìdí ikùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ dí i kí ọkọ̀ tó kan omi, kí ẹ sì ṣí i nígbà tí ẹ bá padà dé.

Gbígbé òpó dìde

Níbí ni ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pín yà gan-an. Òpó Hobie 16 gùn ju mítà 8 lọ, òpó Dart 18 náà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 6 ni ti Wave. Wáyà mẹ́ta ni ó di òpó Hobie mú: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àti ọ̀kan níwájú tí ó pín sí ẹ̀ka méjì kí ó lè dé imú ikùn méjèèjì. Bákan náà ni ètò wáyà àwọn méjì yòókù rí, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ ti ọ̀kan ti mọ ti gbogbo wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òpó, kí ó kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Wáyà iná kọjá lórí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tí ó dé etí omi ní Èkó, àwọn míì sì ti sọ̀ kalẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù máa ń gbé iná. Nítorí àwọn tí iná pa lọ́nà yìí ní Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ Hobie fi bẹ̀rẹ̀ sí fi fáíbà ṣe apá òkè òpó Hobie 16 ní àwọn ọdún 1980. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, alumíníọ̀mù ni òpó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé orí. Èyí tí ó ní orí fáíbà pàápàá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti wáyà rẹ̀ ṣì lè gbé iná. Bí wáyà iná bá wà nítòsí, ibòmíràn ni kí a ti gbé òpó dìde, kì í ṣe pé kí a rọra ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́ òpó lé ọkọ̀ lórí, kí orí rẹ̀ na kọjá ìdí ọkọ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà níbi ọ̀pá ìdábùú iwájú. Ẹ so wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ihò tí yóò jẹ́ kí wọ́n gùn jù lọ, kí wọ́n lè dẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé èyí tí ó bá há sábẹ́ ìtọ́kọ̀ tàbí tí ó lọ́ mọ́ ọ̀pá ìdábùú kò ní fi ara hàn títí òpó yóò fi dé ìdajì, ibẹ̀ ni yóò sì ti dá a dúró. Ẹnì kan yóò dúró lórí aṣọ ìjókòó, yóò gbé òpó lé èjìká, yóò sì máa rìn bọ̀ síwájú bí ó ti ń tì í sókè. Ẹnì kejì yóò wà nílẹ̀ níwájú ọkọ̀, yóò máa fa wáyà iwájú. Lára àwọn Hobie 16 tí kò pẹ́ púpọ̀, irin kékeré kan wà tí ó ń so ìdí òpó mọ́ ojú rẹ̀ kí ó má baà yọ̀ nígbà tí a bá ń gbé e. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó wọ omi, nítorí pé òpó náà gbọ́dọ̀ lè yí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ìgbòkùn bá wà lára rẹ̀.

Ìgbà tí òpó bá ti nàró ni ewu tí ó tóbi jù ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn á rò pé iṣẹ́ ti parí. Wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń dì í mú kí ó má ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti síwájú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó wà níwájú nìkan ni kò jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn. Ẹni yẹn kò gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ wáyà náà títí pínnì yóò fi wọ ihò rẹ̀, tí òrùka yóò sì wọ inú pínnì. Òrùka náà kéré débi pé ó lè bọ́ sínú iyanrìn kí a má rí i mọ́, òun ni ó sì dá òpó tí ó ga tó ilé alájà méjì dúró. Ẹ yí i wọlé títí yóò fi yí po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fà á wò, kí ẹ sì fi téèpù wé e, kí okùn tí ó bá ń jù má baà kọ́ ọ já. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi kì í gba kí ẹlòmíràn sọ fún mi pé òun ti wò ó. Kí oníkálukú tí yóò wọ ọkọ̀ lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Dart 18 náà gba ẹni méjì. Ní ti Wave, àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ le lè dá gbé òpó rẹ̀ dìde, kí ó sì so wáyà iwájú, bí afẹ́fẹ́ kò bá le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni méjì dára jù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, Hobie 16 sì ni ẹrù náà. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ ẹni tí yóò máa bá yín di wáyà iwájú mú ní gbogbo Sátidé, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọrùn tó. Bí ọkọ̀ bá lè máa wà lórí ìdúró pẹ̀lú òpó rẹ̀ lójú kan náà, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a lè gbé òpó náà.

Okùn àti ìgbòkùn

Ìgbòkùn kan ṣoṣo ni Wave ń lò, kò sì ní ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkùn, ìyẹn boom. Okùn mẹ́ta ni ẹ ó mọ̀: èyí tí ó ń fa ìgbòkùn lọ sókè, èyí tí ó ń fà á le sílẹ̀, àti èyí tí ẹ ó máa fi ọwọ́ dì mú lórí omi láti fi sún un mọ́ra tàbí láti fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó ti pé ọdún méjìlá lè mọ̀ wọ́n láàárín ọjọ́ kan. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdílé ni pé kò sí ọ̀pá tí yóò gbá ẹnikẹ́ni lórí nígbà tí ọkọ̀ bá yí.

Dart 18 kò ní ọ̀pá yẹn náà, ṣùgbọ́n ìgbòkùn méjì ni tirẹ̀, ti ńlá àti ti iwájú. Lójú tèmi, òun ni wọ́n fi ọgbọ́n to jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kéré, eré rẹ̀ sì pọ̀, ẹni kan sì lè dá wà á bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán. Hobie 16 ní ìgbòkùn méjì, ó ní ọ̀pá, ó sì ní okùn tí ó pọ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Púlì tí ó wà lórí okùn ìgbòkùn ńlá rẹ̀ máa ń sọ agbára ọwọ́ di ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà, èyí sì túmọ̀ sí okùn gígùn tí yóò máa ká jọ sábẹ́ ẹsẹ̀.

Ohun kan wà nípa Hobie 16 tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í tètè mọ̀. Wáyà iwájú tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òun ni ó ń mú òpó le lórí omi. Nígbà tí a bá fa ìgbòkùn iwájú sókè, wáyà inú etí rẹ̀ ni ó ń gba iṣẹ́ náà, okùn tí a fi fà á ni a sì fi ń mú gbogbo òpó àti wáyà le. Wáyà iwájú á wá dẹ̀, ó kàn wà níbẹ̀ kí òpó má baà ṣubú nígbà tí kò sí ìgbòkùn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí ó dẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ṣùgbọ́n bí okùn ìgbòkùn iwájú bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ti ìgbòkùn ńlá, ọ̀nà kan náà ni fún gbogbo wọn. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ tú okùn tí ẹ fi ń darí ìgbòkùn sílẹ̀ pátápátá, kí ẹnì kan máa ti etí ìgbòkùn wọ inú ihò tààrà tí ó wà lẹ́yìn òpó, kí ẹnì kejì máa fà. Ọ̀pá pẹlẹbẹ tí ó wà nínú àpò ìgbòkùn gbọ́dọ̀ le níwọ̀n tí ìhunjọ aṣọ yóò fi tán lójú àpò náà, kò gbọ́dọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òkè òpó Hobie 16, ìkọ́ kan wà tí ìgbòkùn yóò kọ́. Bí ẹ bá fà á dé òkè, tí ẹ jọ̀wọ́ okùn díẹ̀ tí kò sì padà, ó ti kọ́ nìyẹn. Ẹ ṣe bí a ṣe ń tú u sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí ìjì òjò tí ó ń ti ìlà-oòrùn wá ní oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún kì í fún ènìyàn láyè láti kọ́ ọ lórí omi.

Ìgbòkùn iwájú kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ikùn méjì kì í fẹ́ yí gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, ọkọ̀ máa ń dúró sójú kan tí yóò sì máa padà sẹ́yìn. Lórí Hobie 16 àti Dart, a lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti ìgbòkùn iwájú láti apá òdì kí ó lè bá wa yí imú ọkọ̀. Wave kò ní in, àfi bí a bá rà á kún un, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ní eré dáadáa kí ẹ tó yí i.

Nígbà tí ó bá dojú dé

Gbogbo katamaráànì kékeré ni ó ń dojú dé. Imú Hobie 16 tín-ín-rín, ó sì máa ń ki orí bọ omi bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn tì í kíkankíkan, ìdí ọkọ̀ á sì gba òkè kọjá síwájú. Òfin ìdíje rẹ̀ béèrè pé kí ìwọ̀n àwọn atukọ̀ méjèèjì má ṣe dín sí kílò 129, ìwọ̀n náà sì bá ohun tí a nílò láti fi gbé e dìde padà mu. Ẹni kan tí kò sanra, tí ó dá wà á jáde, yóò fa okùn títí, ọkọ̀ náà kò ní dìde.

Lórí ọ̀sà, ìṣòro kan tún wà tí omi jíjìn kò ní. Bí omi bá jìn ní mítà méjì, tí òpó sì gùn ní mítà 8, orí òpó yóò gún ẹrẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń dojú dé, yóò sì há síbẹ̀. Bí ẹ bá fi agbára fà á láti ẹ̀gbẹ́, òpó lè tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú okùn ìgbòkùn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi yí ọkọ̀ po díẹ̀ kí òpó lè yọ bí ó ti wọlé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fà. Fún Wave, a lè so ohun ìléfòó sí orí òpó rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ó dorí kodò tán. Ike rẹ̀, òpó kúkúrú rẹ̀ àti ohun ìléfòó yìí ni ó jẹ́ kí n máa dárúkọ Wave fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ máa dá lọ. Ẹ̀wù amúniléfòó pọn dandan lára gbogbo ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lórí omi ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì sí irú ọkọ̀ tí ó yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìyẹn.

Erékùṣù tàbí Mainland

Ibi tí ẹ ń gbé lè yan ọkọ̀ fún yín. Lápá Oníkàn, níbi tí Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti èbúté lọ sí Tarkwa Bay láìsí afárá kankan. Hobie 16 wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń lò, èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ tí yóò bá yín gbé òpó wà nítòsí, ẹni tí ó ní pínnì tàbí wáyà àfikún náà wà. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ sí Àpápá ni ẹ ó máa yàgò fún, pàápàá nígbà tí omi bá ń fà jáde, nítorí pé ìfà rẹ̀ máa ń le nígbà òjò, ìgbì sì máa ń ga níbi tí ó bá ti pàdé afẹ́fẹ́ tí ó ń ti òkun bọ̀. Ibẹ̀ ni ìjókòó gíga Hobie 16 ti ń san owó rẹ̀ padà.

Ní Akọkà, Bárígà, Mákòókò àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí tán ní ọdún 1990, nà gba iwájú wọn kọjá fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó sì wà láàárín etí omi wọn àti ojú agbami ọ̀sà. Ọkọ̀ àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ tí ń ti Mákòókò jáde, tí ìgbòkùn wọn jẹ́ àpò tí a rán pọ̀ mọ́ra lórí ọ̀pá kúkúrú, máa ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òpó Hobie 16, tí orí rẹ̀ wà ní nǹkan bí mítà 9 sókè omi, kì í ṣe ohun tí a ń fi dán afárá wò. Bí etí omi yìí bá ni tiyín, Wave ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa sọ òpó rẹ̀ kalẹ̀ kí a wa ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú àjẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sí apá Ìkòròdú àti Baíyékú, níbi tí kò ti sí afárá láàárín yín àti omi gbalasa. Láti ibẹ̀, Dart 18 yóò fi ohun tí ó lè ṣe hàn ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí omi iyọ̀ bá ti wọlé, tí èpò ojú omi ti kú dànù, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán sì ń fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn láìdáwọ́ dúró.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa yóò rà. Ti Hobie 16, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ikùn rẹ̀ léraléra láti ibi ẹsẹ̀ iwájú títí dé imú. Láàárín fáíbà méjì ni fóòmù wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ya kúrò lára ara wọn, yóò rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Bí ó bá rọ̀ níbi kékeré, àwọn oníṣẹ́ fáíbà tí ń ṣe ọkọ̀ èrò ní Èkó lè tún un ṣe; bí ó bá rọ̀ yí gbogbo ibi ẹsẹ̀ po, ẹ fi í sílẹ̀. Dart, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ lè wo lẹbẹ rẹ̀. Wave kì í rọ̀, ṣùgbọ́n ike tí ó bá ti là kò rọrùn láti lẹ̀ pọ̀, oníṣẹ́ fáíbà kò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí i, nítorí náà ẹ da omi sínú ikùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò.

Wáyà ni kí ẹ má ṣe dárí jì. Ẹ mú aṣọ ìnùwọ́ tí ó fẹ́lẹ́, kí ẹ fi nu wáyà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí aṣọ bá ti há, okùn irin kan ti já níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú irin ìparí rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni omi iyọ̀ ń dúró sí, àwọ̀ ìpẹtà tí ó bá sì yọ jáde níbẹ̀ túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ kí òde tó fi hàn. Ẹ ka owó wáyà tuntun mọ́ iye tí ẹ ó san.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á to ọkọ̀ náà lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí òpó tí ó wà nílẹ̀ títí dé ìgbòkùn tí ó gba afẹ́fẹ́, kí ó sì tú u palẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ẹni tí yóò máa bá yín lọ tò ó fúnra yín, kí ẹni tí ń tà á má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá dé ibi tí wáyà iwájú wà tí ẹ kò lè so ó láìpè é fún ìrànlọ́wọ́, ọkọ̀ tí ó kéré jù ú lọ ni kí ẹ lọ wá.